Ọ̀lẹ Àárọ̀ àti Abẹ́rẹ́ Kejì

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbarà ló jókòó sórí àga mi láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn. Ó ní àwọn ní ìpàdé lọ́fíìsì, kí n bá òun gẹrun kíá. Mo ti gẹ apá ọ̀tún tán, ó mọ́ bí ẹ̀yìn ṣíbí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí n lè rí abẹ́ etí òsì dáadáa. Ibi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí náà ni mo wà. Ẹ̀yìn mi gan. Mo fẹ́ nàró, ó kọ̀. Mo fẹ́ kúkú bẹ̀rẹ̀ sí i, ó tún kọ̀. Mo wá rọ̀ sórí èjìká ọkùnrin náà bí aṣọ tí wọ́n sá, kílípà ń kùn lọ́wọ́ mi, òun náà ń wò mí nínú dígí.

“Ọ̀gbẹ́ni, ṣé àdúrà lò ń gbà fún mi ni?”

“Rárá sà. Ẹ̀yìn mi ni sà.”

“Ẹ̀yìn wo? Ọmọ kékeré bíi tìẹ, níbo lo ti rí ẹ̀yìn?”

Sódíìkì, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ló wá gbé mi kúrò lórí oníbàárà bí ìgbà tí wọ́n ń já àpò sìmẹ́ńtì. Ó fi mí ti ògiri, ó gba kílípà lọ́wọ́ mi, ó parí apá òsì. Kí ọkùnrin náà tó jáde, ó yíjú sí mi, ó ní kí n lọ dín oúnjẹ alẹ́ kù. Ẹ ò rí i? Díẹ̀ ló kù kó gbé orí ìdajì lọ sípàdé, síbẹ̀ ó ráyè ṣe dókítà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ẹni tí mò ń ṣe, kẹ́ ẹ má baà rò pé ọ̀mọ̀wé kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Dàmọ́lá lorúkọ mi. Tíṣà ni bàbá mi, tíṣà ni màmá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá látìgbà tí mo ti dáyé. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ò bá wọ yunifásítì dà bí ẹni tó sọnù sọ́jà. Mo ṣe wáẹ́ẹ̀kì, wáẹ́ẹ̀kì náà ṣe mí. Mo ṣe Jáǹbù. Nígbà tí èsì jáde, bàbá mi kà á, ó yọ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Awò ò lẹ́bi. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nílé-ìwé ni kí n máa gẹrun fáwọn ọmọ kíláàsì mi, ni wọ́n bá mú mi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfú ní Kuto.

Ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, níbi tí àwọn ọkọ̀ Èkó ti ń pe èrò. Oníṣòwò aṣọ ni gbogbo ará ilé Ọ̀gá Múfú, láti ìgbà bàbá bàbá wọn, nínú agbolé wọn ní ìgboro àtijọ́ lọ́hùn-ún. Ọ̀gá nìkan ló fi aṣọ sílẹ̀ tó mú kílípà. Wọ́n mọṣẹ́. Wọ́n kọ́ wa pé ló-kọ́ọ̀tì ni kí irun lọ sílẹ̀ kó ṣẹ́kù bíńtín. Fédì ni kí irun máa tín-ín-rín bó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀, títí tí ò fi ní sí mọ́, kí ojú má sì rí ibi tó parí sí. Ṣùgbọ́n ilà iwájú orí ló ń fi ọ̀gá hàn yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. O ò gbọdọ̀ yí orí oníbàárà kiri bí ẹni ń ra ẹ̀gúsí baàrà; ìwọ agẹrun ni wàá máa yí i ká, wàá máa bẹ̀rẹ̀, wàá máa dìde, wàá máa na ọrùn. Iṣẹ́ ẹ̀yìn ni. Ọlọ́run sì mọ̀ ọ́n ṣe: iṣẹ́ ẹ̀yìn ló fún ẹni tí ò lẹ́yìn.

Bí nǹkan ṣe ń ṣe mí rèé. Tí mo bá jí, mo máa ń le bí igi. Mo máa ń yí kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bí àgbá epo, kí n tó wọ ṣòkòtò tán, àwọn ọmọ iléèwé ti kọjá lọ. Tó bá wá di ọ̀sán, tí mo ti rìn, tí mo ti dúró, ara mi á tú pátápátá, mo tiẹ̀ lè gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ gbà mí, irú àìsàn wo nìyẹn? Àìsàn tó máa ń sá lọ tí ẹlẹ́rìí bá ti ń dé. Ọ̀gá Múfú kì í débi iṣẹ́ kí oòrùn tó gòkè. Tí wọ́n bá dé, mo ti ń fò káàkiri, kò sì sóhun tí wọ́n lè rí àfi ilẹ̀ tí mi ò tíì gbá.

Sódíìkì ló sọ mí ní Ọ̀lẹ Àárọ̀. Tí mo bá ń wọlé, á dìde dúró, á ṣí ọwọ́ méjèèjì.

“Ọ̀lẹ Àárọ̀, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ẹ̀yìn jí ire? Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ńkọ́?”

Gbogbo gáréèjì ló mọ ohun tó ń ṣe mí, àfi èmi. Ìyá Ṣúkúrá alágbo, tó ń gbé ike agbo kiri láàárín ọkọ̀, ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. “Jẹ̀dí ni,” ó wí. “Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń di èèyàn lẹ́yìn mú bẹ́ẹ̀.” Dẹ́rẹ́bà kan ní ṣúgà ni, kí n yéé mu tíì. Lánlọ́ọ̀dù wa ní ọmọ tí ò tíì fẹ́yàwó, kí ló fẹ́ fi ẹ̀yìn ṣe gan-an? Mo mu agbo jẹ̀dí. Mo mu èyí tó korò, mo mu èyí tó korò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ tí agbo jẹ̀dí ń ṣe nínú ikùn, ẹ fojú inú wo ẹni tí ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tí agbo wá ń sọ fún un pé kó sáré. Mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá mi ló fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oníbàárà Ìbarà yẹn, bàbá mi mú mi lọ sọ́sípítù, wọ́n sì darí wa sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tó jẹ́ pé àìsàn oríkèé ló mọ̀ jù. Obìnrin tó kúrú, tí ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n jókòó, mo jókòó bí ẹni tó gbé ẹyin sórí.

“Tó o bá sinmi dáadáa, ṣé ó máa ń fúyẹ́?”

“Rárá mà. Ìsinmi gan-an ló ń pa mí.”

“Tó o bá ṣiṣẹ́ ńkọ́?”

“Ara mi á yá mà.”

Bàbá mi yíjú wò mí. Láti ọjọ́ tó ti bí mi, kò tíì gbọ́ ọ rí pé iṣẹ́ ń ṣe mí lóore. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Dókítà gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ sà, òótọ́ ló ń sọ.” Mo fẹ́ sunkún. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbà mí gbọ́ nìyẹn, mi ò sì tíì san nǹkan kan fún un.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ ńlá oníhò kan tó ń ya àwòrán inú ara. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ jáde, Dókítà ṣàlàyé fún wa pé oríkèé ẹ̀yìn mi ń jóná nínú. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa bá àrùn jà nínú ara mi ló kọjú ìjà sí oríkèé ẹ̀yìn àti ti ìdí mi. Ó ní a tètè mọ̀ ọ́n, egungun ò tíì so mọ́ra wọn. Tá a bá fi sílẹ̀, wọ́n lè so, kí ẹ̀yìn wá di ọ̀pá. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ni àìsàn náà sábà máa ń mú. Mo yíjú sí bàbá mi pé ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ọmọ kékeré náà lẹ́yìn!

Oògùn oníhóró la kọ́kọ́ lò. Ó ṣe díẹ̀, kò ṣe tó. Ni Dókítà bá mẹ́nu ba abẹ́rẹ́ kan tí wọn kì í fi kẹ́míkà lásán pò bíi ti yòókù. Inú nǹkan tó ní ẹ̀mí ni wọ́n ti ń ṣe é, inú fíríìjì ló ń gbé, èèyàn lè máa gún un fún ara ẹ̀ nítan. Ó ní iṣẹ́ ẹ̀ ni láti dá òjíṣẹ́ kan dúró nínú ara, èyí tó ń gbé iná lọ sí oríkèé. Ó yẹ̀ mí wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ kó tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi, Sista Bùkọ́, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Kánádà, ní òun á máa san án. Kò yẹ kí wọ́n fi irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ fún irú àbúrò báyìí, àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́! Kò pẹ́ rárá tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wọ ṣòkòtò lórí ìdúró. Mo bọ́ ọ, mo tún un wọ̀, kó dá mi lójú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dé ṣọ́ọ̀bù kí Sódíìkì tó dé. Mo di agbéraga. Mo ń fi kílípà jó. Ọwọ́ mi wá balẹ̀ lórí fédì débi pé àwọn kan tí wọ́n ń lọ sÉkòó á jẹ́ kí ọkọ̀ kan lọ nítorí kí n lè gẹrun wọn tán.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá Múfú sọ fún wa pé àwọn ń ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí Ìbarà.

“Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kì í dúró de agẹrun,” wọ́n wí. “Kí wọ́n tó wọṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá máa mú kọ́kọ́rọ́ Ìbarà, ó gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí ọwọ́ ẹ̀ sì ti jí. Dàmọ́lá, ọwọ́ ẹ dáa ju ti Sódíìkì lọ. Tí àárọ̀ ẹ bá ń bá a lọ báyìí, ìwọ ni.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọrọgbọrọ. Mo sì dìde fúnra mi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà mí.

Mo ti sọ fún gbogbo ayé kí n tó délé. Bàbá mi ò tíì sọ pé òun ní ọmọ tó ń gẹrun ṣáájú ìgbà yẹn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń ní “Dàmọ́lá wà lẹ́nu òwò.” Lọ́sẹ̀ náà, mo gbọ́ ọ lẹ́tí ara mi tó ń sọ fún olórí ẹgbẹ́ akọrin pé, “Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀ka Ìbarà lé e lọ́wọ́.” Ẹ̀ka! Bíi pé báńkì ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí kọ́kọ́rọ́ yẹn túmọ̀ sí: kì í ṣe ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nìkan ló máa ṣí.

Ni àárọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Díẹ̀díẹ̀ ló padà wá. Mo kọ́kọ́ purọ́ fún ara mi pé òjò ni, pé fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni. Nígbà tó yá, mo tún ti di àgbá epo. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Ọ̀gá Múfú rí i lójú ara wọn lọ́tẹ̀ yìí, torí pé wọ́n mọ́ọ̀mọ̀ tètè jí wá. Àánú mi ṣe wọ́n. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àánú! Wọ́n lọ ra àga aláwọ kan, àga tó rọ̀ tó ń mi lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà lábẹ́ fáànù, wọ́n ní kí n máa jókòó síbẹ̀, kí n máa kí àwọn tó ń wọlé, kí n máa sọ ẹni tó kàn.

“Ẹni tára ẹ̀ ò yá, ó yẹ kó sinmi,” wọ́n wí. “Má fọwọ́ kan ìgbálẹ̀.”

Kò sí ẹni tí kò yìn wọ́n. Màmá mi gbé iṣu lọ fi dúpẹ́ nílé wọn. Sódíìkì wá yí orúkọ mi padà, ó ń pè mí ní Alága Ìjókòó. Tí oníbàárà bá wọlé, á ní, “Ẹ kí Alága o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dìde.” Òun náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orí tó yẹ kí n ṣe. Ọ̀gá Múfú sì ti ń mú un lọ sí Ìbarà, kó lọ wo ibi tí dígí máa wà.

Bí mo ṣe ń sinmi tó ni mo ń gan tó. Tó bá dalẹ́, Sódíìkì ló ń fà mí dìde lórí àga ọlá.

Mo gba ọ̀dọ̀ Dókítà lọ. Ó kọ́kọ́ bi mí níbi tí mò ń kó abẹ́rẹ́ sí. Mo ní inú fíríìjì màmá mi ni, àti pé tí wọ́n bá mú iná lọ, inú kúlà oníyìnyín ni màmá mi ń gbé e sí, á sì fi aṣọ wé e kí yìnyín má kàn án. Ó ní ìyẹn dáa. Ṣé mo fo ọjọ́ kankan? Rárá. Kí ló wá yí padà?

“Wọ́n gbé mi ga níbi iṣẹ́ mà. Wọ́n fún mi lága.”

Ó gbé bírò sílẹ̀. “Látàárọ̀ dalẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà. Àga tó rọ̀ ni.”

“Ẹni tó gbé ẹ ga yìí, kí lo fi ṣe é?”

Ó ní kí n kúrò lórí àga náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ dé, kò ṣàwàdà mọ́. Ó ní àga nìkan kọ́. Iná náà ti tún ràn nínú, ẹ̀jẹ̀ fi hàn, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ò mú un mọ́. Òun fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ sí irú mìíràn.

Mo ní, “Àmọ́ ó ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ mà.”

“Ṣé o mọ ọ̀nà Ewékorò?”

“Mo mọ̀ ọ́n mà.”

“Tí wọ́n bá dí títì níbẹ̀, ṣé àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì máa ń yí padà sílé?”

“Láéláé! Inú abúlé ni wọ́n á gbà.”

“Ohun tí iná ẹ̀yìn ẹ ṣe nìyẹn. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dí ọ̀nà kan, ó dí i dáadáa, ara ẹ yá. Iná ti rí ọ̀nà abúlé báyìí. Èyí tí mo fẹ́ fún ẹ, ọ̀nà mìíràn ló ń dí.”

“Ṣé ó máa ṣiṣẹ́ mà?”

“Mi ò ní búra fún ẹ. Àwọn kan wà tó ń ṣe dáadáa fún, àwọn kan wà tí kò ṣe nǹkan kan fún. Ìwọ, egungun ẹ ò tíì so, ara ẹ sì ti gbọ́ ti àkọ́kọ́ rí. Mo ní ìrètí. Ṣùgbọ́n fún un ní bí oṣù mẹ́ta ká tó dájọ́. Má wá sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé kò ṣiṣẹ́.”

Ẹ wá gbọ́ ẹjọ́ ní Kuto. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kejì di ọ̀rọ̀ tí gbogbo gáréèjì ń dá sí. Ìyá Ṣúkúrá pòṣé, ó ní òyìnbó ò mọ jẹ̀dí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún èèyàn kiri bí ẹni ń wá kànga. Màmá mi ní bóyá kí n padà sí ti àkọ́kọ́, ká fi àdúrà kún un. Ọ̀gá Múfú ló wá fọ̀rọ̀ gún mi lọ́bẹ. Wọ́n ń fọ bíléèdì, wọn ò gbójú sókè.

“Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó ń pààrọ̀ kílípà lóṣooṣù,” wọ́n wí. “Ó ní kílípà ni ò mú. Ọwọ́ ẹ̀ ni ò dáa.”

Mo kóra jọ lọ sílé, mo sọ fún bàbá mi pé bóyá òótọ́ ni, bóyá ara mi ni ò dáa, kò sí abẹ́rẹ́ tó máa gbọ́. Bàbá mi ń ka ìwé ìròyìn. Ó ní, “Tí ẹ̀kọ́ ò bá yé ọmọ, tíṣà gidi á yí bó ṣe ń kọ́ ọ padà. Kì í ṣe pé á jáwọ́.” Ó ṣí ìwé ìròyìn sójú ewé mìíràn. “Lóòótọ́, tìẹ, gbogbo ọ̀nà ni mo yí i gbà.”

Sista Bùkọ́ pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. “Dàmọ́lá, ṣé ti dókítà lo fẹ́ gbọ́ ni àbí ti gáréèjì? Sọ fún mi kí n mọ ẹni tí màá máa fowó ránṣẹ́ sí. Tó bá jẹ́ alágbo ni, kó fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́.”

Mo gba abẹ́rẹ́ kejì. Mo sì lọ bá Ọ̀gá Múfú pé mi ò ní jókòó mọ́. Ẹ má dán an wò láti dá àánú Yorùbá padà fún ẹni tó ṣe é. Ojú wọn yí.

“Àga tí mo fowó mi rà?”

“Ẹ má bínú sà. Dókítà ló ní ìjókòó ń pa mí lára.”

“Dókítà! Gbogbo aláìsàn láyé ń sinmi, tìẹ ló yàtọ̀. Ó dáa. Ìgbálẹ̀ nìyẹn.”

Wọ́n rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ mí. Mo gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo gbá ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ń rìn láti Kuto dé Ìbarà láàárọ̀, mo ń na ara bí wọ́n ṣe kọ́ mi lọ́sípítù, àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé ń ṣe ìfarawé mi lẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ kejì ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá. Wọ́n ti kun Ìbarà lọ́dà, wọ́n ti gbé dígí kọ́. Sódíìkì ń fi ìyẹn kọrin. Ọ̀gá Múfú sọ ọ́ kedere: lọ́jọ́ tí àga bá wọ Ìbarà, àwọn máa fún ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ní kọ́kọ́rọ́. “Mi ò lè máa dúró de abẹ́rẹ́,” wọ́n wí.

Ni mo bá ṣe ohun tí Dókítà ní kí n má ṣe. Mo pè é.

“Mà, kò ṣiṣẹ́ o.”

“Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?”

“Ó ti pẹ́ mà.”

“Kò pẹ́. Ìwọ ni ò ní sùúrù. Pa fóònù, kó o lọ rìn.” Òun ló kọ́kọ́ pa á.

Bó ṣe wá ṣẹlẹ̀, kò lógo kankan nínú. Àárọ̀ kan ni, èmi àti Sódíìkì nìkan la wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mò ń to nǹkan sórí tábìlì, kóòmù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tí mo yíjú, ẹnu Sódíìkì ṣí sílẹ̀.

“Kí lo ṣe yẹn?”

“Kí ni mo ṣe?”

“O mú kóòmù nílẹ̀.”

Mo wo kóòmù. Mo wo ilẹ̀.

“Jọ̀ọ́, jù ú sílẹ̀,” Sódíìkì wí. “Tún un mú.”

Mo jù ú sílẹ̀, mo tún un mú. Ó ní kí n jù ú sábẹ́ àga. Mo jù ú, mo mú un. Ó gba kóòmù, òun fúnra ẹ̀ jù ú sábẹ́ bẹ́ńṣì lọ́hùn-ún, ó ní, “Lọ mú un wá, Búkì!” Búkì ni ajá ilé wọn. Mo sì lọ mú un wá. Ọkùnrin méjì, ọ̀kan ń ju kóòmù, ọ̀kan ń sáré tẹ̀ lé e, a ń rẹ́rìn-ín débi pé Ọ̀gá Múfú wọlé, wọ́n bi wá bóyá a ti mu nǹkan. Sódíìkì ṣàlàyé. Ọ̀gá wò mí látòkè délẹ̀.

“Kóòmù kì í ṣe orí,” wọ́n wí, wọ́n lọ ṣí fèrèsé.

Lọ́jọ́ tí mo padà sọ́dọ̀ Dókítà, ó fi téèpù wọn bí mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀ tó, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ní iná ti rọlẹ̀ púpọ̀, kò tíì kú tán. Àárọ̀ mi ṣì máa ń le díẹ̀, lóòótọ́, àmọ́ kó tó di pé mo fọ ẹnu tán, ó ti tú. Mo ní ṣé kí n máa sọ fún gbogbo ẹlẹ́yìn dídùn pé kí wọ́n wá gba abẹ́rẹ́ kejì. Ó ní kí n pa ẹnu mi dé, pé gbogbo ẹ̀yìn tó ń dùn kọ́ ló ń jóná, àti pé ẹlòmíràn á gba kejì, kò ní rí nǹkan kan, wọ́n á tún wá ibòmíràn. “Tó bá tún kọ̀ ọ́ lọ́la, a óò tún jókòó sọ̀rọ̀,” ó wí. “Ìwọ, má jókòó pẹ́ ṣá.”

Ní Kuto, oníkálukú ti pín ògo. Ìyá Ṣúkúrá ní agbo òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Agbo gidi kì í kánjú. Màmá mi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò dárúkọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo tiẹ̀ gbọ́ tí Ọ̀gá Múfú ń sọ fún oníbàárà kan pé ìsinmi tí àwọn fún mi lórí àga yẹn ló wò mí sàn. Mo fi ìgbálẹ̀ mi gbá kọjá.

Àga wọ Ìbarà ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Ní Mọ́ńdè, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èmi àti Sódíìkì pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tuntun, a kíra bí ẹni tí ò mọra rí. Ọ̀gá Múfú ti wà nínú ilé. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n lọ jókòó sórí àga, wọ́n na ọwọ́ sí mi.

“Ìwọ. Gẹ ẹ́.”

Ẹ gbọ́, kò sí ẹni tó ń gẹrun fún Ọ̀gá Múfú. Dígí méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àwọn fúnra wọn ló ń gẹ ẹ́. Mo so aṣọ mọ́ wọn lọ́rùn. Mo tan kílípà. Mo yí wọn ká. Mo bẹ̀rẹ̀ síbi ìpàkọ́, mo dúró níbẹ̀ pẹ́, ẹ̀yìn dùn mí díẹ̀, mo nàró, ó gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá ò wo irun rárá. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò nínú dígí. Mo fa ilà iwájú orí kẹ́yìn, mo mú èémí sínú, mo fà á láti ẹ̀bá kan dé ìkejì, mo gbé ọwọ́ kúrò.

Wọ́n yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

“Ó wọ́ díẹ̀,” wọ́n wí.

Sódíìkì ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa. “Ọ̀gá, kò wọ́ o.”

“Ta ló bi ẹ́?”

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn irun kúrò lára, wọ́n dé fìlà. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, wọ́n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kílípà lórí tábìlì bí ẹni gbàgbé nǹkan, wọ́n pe Sódíìkì pé kó jẹ́ káwọn máa lọ sí Kuto, iṣẹ́ ń dúró. Obìnrin kan tó mú ọmọkùnrin ẹ̀ lọ́wọ́ àti bàbá kan tó gbé báàgì ọ́fíìsì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá náà ń wo aago.

Mo gbọn aṣọ, mo nu àga.

“Ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ máa bọ̀, ẹ jókòó.”